Àwọn ológbò ẹhànnà tí aládùúgbò ń bọ́: kí ni ẹ ṣe tó ṣiṣẹ́ fún yín?

Ará Ilé Kejì:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì gbà pé ẹnìkan á wà láàárín yín tó ti la irú rẹ̀ kọjá. Màmá àgbàlagbà kan ń gbé nínú ilé tó tẹ̀lé tiwa. Ní ọdún 2 sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn fún abo ológbò kan tí kò ní olówó, tó ti rù kan eegun. Abo yẹn bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà bímọ, nígbà tí mo sì jókòó sójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti kà wọ́n, mo ka 11. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan òun. Bí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kan báyìí, wọ́n ti fò sórí odi.

Kì í ṣe pé a kórìíra ẹranko. Àwọn akọ inú wọn máa ń tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní òru, igbe wọn dà bí igbe ọmọ ìkókó tí nǹkan ń dùn. Wọ́n ti sọ yanrìn tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré di ibi ìyàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mi lóyún oṣù 4, ẹnìkan sì ti sọ fún un pé ìgbẹ́ ológbò lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá. Mo lọ bá màmá, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo. Mo ní kí wọ́n má bọ́ wọn mọ́. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí àwọn dá oúnjẹ wọn dúró, kí n kúkú wá pa wọ́n níṣojú àwọn. Láti ọjọ́ yẹn a kì í kí ara wa mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an, torí pé ọwọ́ màmá yìí ni àkọ́bí wa wà nígbà tí ìyàwó mi fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Aládùúgbò mìíràn ti ń dá àbá májèlé. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ṣe tó ṣiṣẹ́ fún yín?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ipò tí màmá yẹn wà ni èmi náà wà fún ọdún 6 ní àdúgbò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń gbé abọ́ oúnjẹ jáde. Bí ẹranko bá ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ, tó ń dúró dè ọ́ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kò sí bí wọn yóò ṣe sọ fún ọ pé "má bọ́ wọn mọ́" tí etí rẹ kò ní gbọ́ ọ sí "jẹ́ kí ebi pa wọ́n kú." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò mi, ohun tí mo sì ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn lóru kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Oúnjẹ wá ń wà níta mọ́jú, èkúté sì kó dé. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi èyí, ṣùgbọ́n ìbínú tí wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ ló lé mi dé ibẹ̀.

Ẹni tó yí mi lọ́kàn padà kò bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Ọ̀sán ló wá, ó ní kí n fi àwọn ológbò náà han òun, ó béèrè orúkọ tí mo sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fara balẹ̀ gbọ́. Ó wá ní, "Ìyá, èwo ló lóyún nínú wọn báyìí?" Mo fi hàn án. Ó tún ní, "Mélòó ló yè nínú àwọn tó bí kẹ́yìn?" Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi, nítorí pé nínú ọmọ 5, ọ̀kan ṣoṣo ló yè, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi sin àwọn mẹ́rin tó kù. Ó ní bí mo bá gbà, òun á bá mi kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí bíbí náà lè dáwọ́ dúró, àti pé oúnjẹ wọn kò ní dáwọ́ dúró. Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń jà, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ọ̀nà kan wà láàárín ká bọ́ wọn títí láé àti ká pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹ padà lọ bá màmá. Ẹ tọrọ àforíjì fún ariwo ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ìbáà tilẹ̀ jàre. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìyàwó yín bá yín lọ. Màmá ni wọ́n mọ iye tí àwọn ológbò náà jẹ́ dájú, wọ́n mọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo, wọ́n mọ wákàtí tí oníkálukú ń wá jẹun, ọwọ́ wọn nìkan sì ni àwọn ológbò náà fọkàn tán. Bí ẹ bá yọ màmá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lè máa dẹ pàkúté fún oṣù 3 kí ẹ má rí ẹyọ kan mú.

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹranko:

Ọdún 12 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà ẹranko, ohun tí ìyá wa kọ sókè yìí ló sì máa ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò yọrí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un. Abo ológbò lè gboyún kó tó pé oṣù 6, a tilẹ̀ ti rí èyí tó gboyún ní oṣù 4. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ, ó sábà máa ń bí ọmọ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè gboyún mìíràn nígbà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́. Bí oúnjẹ bá ti wà, ó lè bí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé 11 tí ẹ kà yẹn kéré, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kú láìjẹ́ pé ẹ rí wọn.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí: a ó fi àgò pàkúté mú wọn láàyè, dókítà yóò tẹ akọ lọ́dàá, yóò yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin abo, yóò gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn dìgbòlugi, lẹ́yìn náà a ó dá wọn padà sí ibi tí a ti mú wọn gan-an. Nígbà tí oògùn oorun bá ṣì wà lára wọn, dókítà yóò gé ṣóńṣó etí kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti òsì, ní ìlà tó tọ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Wọn kì í mọ̀ ọ́n lára, àmì náà sì máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà púpọ̀, nítorí pé ẹni tó bá rí ológbò lókèèrè yóò mọ̀ pé a ti ṣe tirẹ̀, a kò sì ní tún inú abo tí a ti ṣe là lásán.

Ariwo òru, ìjà àti ìtọ̀ olóòórùn tó ń yọ yín lẹ́nu, inú wíwá abo kiri ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Bí a bá tẹ akọ lọ́dàá, wọ́n máa ń dín kù gan-an, àmọ́ ẹ má retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, akọ náà ṣì lè fún abo lóyún láàárín ìgbà náà. Ohun mìíràn tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé bí ẹ bá ṣe 3 nínú 11 tí ẹ sì dáwọ́ dúró, àwọn 8 yòókù yóò fi ọmọ bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan. Kí ẹ ṣe gbogbo wọn, tàbí kí ó ku ọ̀kan tàbí méjì péré, láàárín àkókò kúkúrú.

Ní ti ìyàwó yín, kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní Toxoplasma gondii ni ẹni yẹn ń sọ, òótọ́ sì ni pé ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá bí ìyá bá kọ́kọ́ kó o nígbà tó wà nínú oyún. Ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o máa ń yà á mọ́ ìgbẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, ìgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 5 kó tó lè ran ènìyàn. Ológbò tó ń kọjá lórí odi kò lè ṣe ìyàwó yín ní nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kó ṣe ni kó jìnnà sí yanrìn yẹn, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́, kó wọ ìbọ̀wọ́ bó bá fẹ́ tu ilẹ̀, kó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó fọ ewébẹ̀ dáadáa, kó sì má ṣe jẹ ẹran tí kò jinná, nítorí pé inú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o. Kó sọ fún dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè fi hàn bóyá ó ti kó o rí. Yanrìn àwọn ọmọ yín ni kí ẹ kó dànù, kí ẹ da tuntun síbẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìdérí tó wúwo bò ó bí wọn kò bá sí nínú rẹ̀, torí pé ẹyin aràn inú ológbò lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Eyín ológbò tín-ín-rín, ó máa ń wọlé jinlẹ̀, ojú egbò rẹ̀ sì máa ń tètè pa dé mọ́ ìdọ̀tí nínú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é.

Bàbá Ìbejì:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ń gba ọ̀nà tó jìn jù. Bí a bá ti lè mú wọn sínú àgò, kí ló dé tí a kò fi wọ́n sínú ọkọ̀, kí a gbé wọn lọ síbi tó jìnnà, kí kálukú sì sinmi?

Alágbàtọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn, àbámọ̀ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ológbò 9 la kó lọ. Kí oṣù 5 tó pé, 7 mìíràn ti wà níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń lé àlejò kúrò, nígbà tí a sì kó wọn lọ, ńṣe ni a ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ohun tó ń fà wọ́n wá kò tíì kúrò: ààtàn tí a kò dé, èkúté tó ń jẹ nínú rẹ̀, abẹ́ ilé tó gbẹ tó sì ṣókùnkùn, àti abọ́ oúnjẹ tí ẹnìkan ń gbé síta. Àwọn àlejò náà kò tíì lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Ní ti àwọn tí a kó lọ, ológbò tí a jù síbi tí kò mọ̀ rí kì í mọ ibi tí omi wà tàbí ibi tí yóò sá pamọ́ sí, òmíràn a sì gbìyànjú láti padà sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí ọ̀kan nínú tiwa lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọkọ̀ ti pa. Funfun ni, ó ní àbàwọ́n dúdú kan lábẹ́ àgbọ̀n, kò ṣeé ṣì mọ̀.

Ní ti májèlé tí ẹnìkan dábàá rẹ̀ fún Ará Ilé Kejì, kò mọ ológbò tó ní olówó yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ajá á jẹ ẹ́, ẹyẹ á jẹ òkú ẹran tó ti jẹ ẹ́, ọmọdé sì lè he é. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó lòdì sófin. Ní Ítálì, òfin 281 ti ọdún 1991 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ológbò tó ń gbé lómìnira, àyàfi èyí tó ń ṣàìsàn tó burú tàbí tí kò gbóògùn. Òfin náà ló sì ní kí wọ́n sọ wọ́n di aláìlèbí, kí wọ́n sì dá wọn padà sáàárín ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé sọ kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, títí kan èyí tí à ń dámọ̀ràn yìí, torí pé ibòmíràn wà tí dídá wọn padà síta fúnra rẹ̀ ti nílò ìyọ̀ǹda.

Olùfẹ́ Ẹyẹ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra wọn níbí. Ológbò tí a tẹ̀ lọ́dàá kò ní bímọ, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa ṣọdẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé láàárín bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 ẹyẹ ni ológbò ń pa lọ́dọọdún lórílẹ̀-èdè náà nìkan, àwọn tí kò ní olówó ló sì ń pa èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí igbó àìro, etí omi tí ẹyẹ ń pamọ sí tàbí erékùṣù tí ẹranko ibẹ̀ kò mọ ológbò rí, èmi kò gbà pé ó tọ́ kí a dá ẹyọ kan padà síta. Ní irú ibẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n lè máa gbé lábẹ́ òrùlé fún wọn. Mo mọ̀ pé àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ ara wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, ẹ má gbé oúnjẹ wọn sábẹ́ igi tí ẹyẹ fi ṣe ìtẹ́, kí ẹ sì tètè gba àwọn ọmọ wọn sílé kí wọ́n tó di ẹhànnà.

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹranko:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùfẹ́ Ẹyẹ sọ, ní pàtàkì ti àwọn ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 tí a bí wọn ni ọkàn wọn ṣí sílẹ̀ jù fún ènìyàn. Èyí tí ẹ bá mú ní ọ̀sẹ̀ 6 lè di ológbò ilé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá ti pé oṣù 4 tàbí 5 láìmọ ọwọ́ ènìyàn lè gba oṣù púpọ̀, òmíràn kì í sì í gbà láéláé. Àgbà ẹhànnà kì í fẹ́ kí a ti òun mọ́lé. Ẹ má fi ìfẹ́ fìyà jẹ ẹ́.

Ọlọ́gbà Ewéko:

Kí iṣẹ́ yẹn tó parí, ẹ lè dáàbò bo ọgbà yín. Ilẹ̀ tó rọ̀ tó sì gbẹ ni ológbò fẹ́ràn láti wà fi yàgbẹ́, nítorí náà ẹ tẹ́ àwọ̀n onírin tí a fi ń ṣe àgò adìyẹ sórí ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, kí ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ fi òkúta ṣákaṣàka bò ó. Èèpo ọsàn máa ń lé àwọn kan fún ọjọ́ díẹ̀ ṣá. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù fún mi ni ẹ̀rọ afọ́nmi tó máa ń dá tú omi jáde bí ohunkóhun bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Omi nìkan ni, kò pa wọ́n lára, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti mọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n gbà. Ẹ má da káńfọ̀ sílẹ̀, májèlé ni fún ológbò àti fún ọmọdé. Ibi tí wọ́n tọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi ohun ìfọlẹ̀ tó ní ammonia nínú fọ̀ ọ́, torí pé òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀, ńṣe ni yóò máa pè wọ́n padà. Ẹ wá èyí tó ní enzyme nínú, ìyẹn èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ká, kí ẹ jẹ́ kó wọ ilẹ̀ náà dáadáa kó tó gbẹ.

Alágbàtọ́:

Ará Ilé Kejì, bí màmá bá ti gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń mú wọn gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ 2 tún ọ̀nà oúnjẹ wọn ṣe. Kí màmá máa gbé e sílẹ̀ ní ojúmọmọ, ní wákàtí kan náà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n sì kó abọ́ náà kúrò lẹ́yìn náà. Omi nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níta títí. Bí ibi oúnjẹ náà bá sún mọ́ ilé yín jù, kí wọ́n máa sún un díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4 lójúmọ́, àwọn ológbò náà á máa tẹ̀lé e. Kí wọ́n má fún wọn ní wàrà, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà ológbò ṣu gbuuru.

Ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dẹ pàkúté kankan, kí ẹ má baà mú ológbò tán kí ó di pé kò sí àyè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àgò pàkúté náà síbi tí wọ́n ti ń jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi okùn di ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí kó má lè pa dé, kí ẹ sì gbé oúnjẹ wọn sínú rẹ̀. Wọn yóò kọ́ láti máa wọlé máa jáde láìbẹ̀rù. Ó ku wákàtí 24 kí ẹ mú wọn, ẹ má gbé oúnjẹ kankan sílẹ̀. Ibí yìí ni yóò nira fún màmá jù, kí ẹ wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀ àgò kí irin má baà gún wọn lẹ́sẹ̀, ẹ fi ẹja inú agolo tó ń ta sánsán sí ìparí àgò, lẹ́yìn ibi títẹ̀ (ibi tí ológbò á fẹsẹ̀ tẹ̀ tí ilẹ̀kùn á fi pa dé), kí ẹ sì kán omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, ológbò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá irin, ọkàn yín yóò sì fẹ́ já. Ẹ ju aṣọ tó nípọn bò ó lójú ẹsẹ̀. Òkùnkùn yẹn máa ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ti ọwọ́ bọ inú àgò láéláé, ẹ má ṣí i láti wò ó. Ẹ má dẹ pàkúté sínú oòrùn tó mú tàbí òjò, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìṣọ́ ọ. Bí ẹ bá mú abo tí ọmú rẹ̀ wú tí irun àyíká rẹ̀ sì ti re, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbì kan. Ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n lè tètè ṣe tirẹ̀, kó sì padà sọ́dọ̀ wọn kíákíá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú nínú àgò níbi tó gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́, kí ojú wọn dá ṣáká kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Bí ó bá dà bíi pé nǹkan ń dùn wọ́n, dókítà ni kí ẹ pè. Ẹ má fún wọn ní paracetamol, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ológbò.

Ará Ilé Kejì:

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ 9 rèé tí mo ti béèrè ìbéèrè yìí, mo sì jẹ yín ní gbèsè ìròyìn. Èmi àti ìyàwó mi lọ bá màmá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kí wọ́n sọ orúkọ àwọn ológbò náà fún wa. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan jáde tí wọ́n ti kọ orúkọ, àwọ̀ àti ọjọ́ ìbí olúkúlùkù wọn sí. Kì í ṣe 11 ni wọ́n, 14 ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé oúnjẹ wọn kò ní dáwọ́ dúró, wọ́n di ọwọ́ ìyàwó mi mú, wọ́n ní àwọn náà kì í sùn lóru nítorí ìjà àwọn akọ yẹn.

Aládùúgbò tó ń sọ̀rọ̀ májèlé ló yá wa ní ọkọ̀ rẹ̀. A mú 13 láàárín ọ̀sẹ̀ 3. A rí ilé fún ọmọ 4 tí wọn kò tíì pé oṣù 2. Akọ kan ní egbò ìjà tó ti kẹ̀ lọ́rùn, dókítà tọ́jú rẹ̀, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni jà láti ìgbà náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi kò fi kòkòrò yẹn hàn, a sì ń tẹ̀lé gbogbo ìkìlọ̀ tí ẹ fún wa. Ẹnu ọ̀nà wa kò rùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì sùn mọ́jú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìṣòro tó kù ni abo àkọ́kọ́ yẹn, ìyá gbogbo wọn. Ó kọ̀ láti wọ àgò. Ó máa ń jókòó síwájú rẹ̀, á na ọwọ́ kan wọlé fa ẹja jáde láìtẹ ibi títẹ̀, á sì lọ. Màmá ní ikùn rẹ̀ ti ń yọ. Kí ni ká ṣe?

Alágbàtọ́:

Ẹ gbé àgò onígun mẹ́rin tó fẹ̀, tí kò ní ìsàlẹ̀, dé sílẹ̀. Ẹ fi igi kan gbé etí rẹ̀ kan sókè, ẹ so okùn gígùn mọ́ igi náà, kí ẹ sì gbé oúnjẹ sí àárín. Kò sí ohun tí yóò tẹ̀, kò sí ihò tóóró tí yóò gbà wọlé. Kí ẹni tí ológbò náà mọ̀ jù lọ jókòó lókèèrè, kí ó di okùn mú, kí ó má sì fà á títí ológbò náà yóò fi wọ àárín tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ bo àgò náà, kí ẹ gbé àgò pàkúté kékeré sẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ṣí i, yóò sá wọ inú pàkúté náà. Ẹ tètè ṣe é, nítorí pé dókítà lè ṣe iṣẹ́ náà nínú oyún tó ṣì kéré, ṣùgbọ́n bó bá ti tó ìgbà ìbí, ó lè ní kí ẹ jẹ́ kó bímọ sábẹ́ òrùlé, kí ẹ gba àwọn ọmọ náà tọ́, kí wọ́n sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú.

Ará Ilé Kejì:

A mú un ní àárọ̀ àná. Ìgbà mẹ́ta ló yí àgò náà po kó tó wọlé, èmi ìbá sì ti fa okùn ní ìgbà àkọ́kọ́ tó ki orí bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá ni okùn náà wà. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún wákàtí kan ó lé, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò ó, àfìgbà tó fi orí balẹ̀ sínú abọ́ ni wọ́n tó fà á. Dókítà ní oyún náà kò tíì pọ̀ jù, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó wà nínú àgò nílé màmá báyìí lábẹ́ aṣọ, etí òsì rẹ̀ ti gé, a ó tú u sílẹ̀ lọ́la.